Fountain: Ọ̀nà Ìkọ̀wé fún Olùdarí Fíìmù Tó Ń Dá Ṣiṣẹ́

Ẹni tó ń kọ ìtàn fíìmù fúnra rẹ̀, tó sì tún ń darí rẹ̀ láìsí ilé-iṣẹ́ ńlá lẹ́yìn rẹ̀, kò gbọdọ̀ fi iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún pamọ́ sínú fáìlì tí ètò kan ṣoṣo lè ṣí. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn Fountain, ọ̀nà ìkọ̀wé ọ̀fẹ́ tí òǹkọ̀wé fíìmù John August àti olùdarí fíìmù Stu Maschwitz gbé jáde ní ọdún 2012. Ọ̀rọ̀ lásán, tí ètò ìkọ̀wé èyíkéyìí lè ṣí, ló wà nínú fáìlì rẹ̀: bí ìlà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú INT. (inú ilé) tàbí EXT. (ìta), ètò kọ̀ǹpútà tó mọ̀ ọ́n kà yóò mọ̀ pé ìran tuntun ti bẹ̀rẹ̀. Bí a bá sì fi lẹ́tà ńlá kọ orúkọ ẹ̀dá-ìtàn, ìlà tó tẹ̀ lé e yóò di ọ̀rọ̀ ẹnu onítọ̀hún. Mo ti kọ ìran lórí fóònù nígbà tí mò ń dúró de àwọn òṣèré, mo sì parí rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà láìpàdánù ìlà kan, èyí sì ṣe iyebíye fún mi gan-an. Fountain kò lè bá ènìyàn ṣètò ìnáwó tàbí àwọn ọjọ́ ìyàwòrán. Ṣùgbọ́n ní ti kíkọ̀wé, n kò tíì rí èyí tó tù mí lára tó o.