Ìkànnì OEIS àti ọ̀wọ́ sẹmipráìmù: 9 àti 12 ni kẹ́ ẹ fi dá wọn mọ̀

Ẹni tó ń kọ́ ìṣirò n'Íbàdàn, ì báà jẹ́ ní Agbowó tàbí ní Bódìjà, kò gbọdọ̀ fi OEIS, ìyẹn ìkànnì tó kó ọ̀wọ́ nọ́ńbà jọ, ṣeré. Onímọ̀ ìṣirò Neil Sloane bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ọ̀wọ́ nọ́ńbà jọ lọ́dún 1964. Ọdún 1996 ni ìkànnì náà dé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni, ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà ló sì pọ̀ jù níbẹ̀, kì í jẹ dátà.

Sẹmipráìmù, ìyẹn práìmù kan lọ́nà práìmù kan, ló máa ń da èèyàn rú jù (práìmù ni nọ́ńbà tó ju 1 lọ, tó jẹ́ pé 1 àti òun fúnra ẹ̀ nìkan ló lè pín in láìṣẹ́kù). Ọ̀wọ́ mẹ́ta ló jọra níbẹ̀ bí ìbẹta, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A. A001358 ni ojúlówó: 4, 6, 9, 10, 14, 15. A006881 kì í gba práìmù kan náà lẹ́ẹ̀mejì: 6, 10, 14, 15, 21. A007774 ní tiẹ̀ ń ka oríṣi práìmù nìkan, iye ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọlé kò kàn án: 6, 10, 12, 14, 15, 18. Ẹ wá 9 àti 12. Bí 9 bá wà tí 12 ò sí, A001358 lẹ wà yẹn, torí 3 lọ́nà 3 ni 9, àmọ́ 2 lọ́nà 2 lọ́nà 3 ni 12, práìmù mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀. Ohun kan náà ló ń ṣe àwọn tó ń lo PARI/GP, ìyẹn ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà: wọ́n á kọ omega(n)==2, 12 á yọjú, 4 á sá lọ. Oríṣi práìmù nìkan ni omega ń ka; bigomega ló ń ka gbogbo ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọlé. Ẹ kọ ọ́ báyìí:

for(n=1,100,if(bigomega(n)==2,print1(n," ")))

Nọ́ńbà mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló gbọ́dọ̀ jáde.

Bẹ́ ẹ bá ń wá ọ̀wọ́ lórí OEIS, 2, 3, 5, 7 ò tó. Ọ̀wọ́ tó bẹ̀rẹ̀ báyẹn pọ̀ bí yanrìn. Ẹ fo ìbẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ kọ mẹ́fà sókè. Kọ́mà ń sọ pé kí wọ́n tẹ̀ léra gẹ́lẹ́. Àlàfo lásán ń sọ pé bó ṣe wù kí wọ́n tò. Ẹ kọ 29, 31, 37, 41, 47, 53, A109611 á wà lára ohun tó máa gbé wá: práìmù Chen, èyí tó jẹ́ pé bẹ́ ẹ bá fi 2 kún un, práìmù tàbí sẹmipráìmù lẹ máa rí. 43 ò sí níbẹ̀, torí 45 ni 3 lọ́nà 3 lọ́nà 5.

Àléébù rẹ̀ ni pé àlàyé orí ọ̀wọ́ ti ké kúrú jù fún ọmọ iléèwé, ìlà díẹ̀ sì ni nọ́ńbà tó hàn. Inú b-file, ìyẹn fáìlì tó to nọ́ńbà ọ̀wọ́ náà lọ jìnnà, ni ìyókù wà, àmọ́ ẹ ṣọ́ra: òpó méjì ló ní, ipò ló ṣáájú. “34 95” ń sọ pé sẹmipráìmù kẹrìnlélọ́gbọ̀n ni 95. Ẹni tó bá da òpó méjèèjì pọ̀ mọ́ iṣẹ́ rẹ̀ lè má tètè fura, torí sẹmipráìmù ni 34 náà.