Kẹ́ Ẹ Tó Sanwó Abo Tàràńtúlà

Nínú ọjà tàràńtúlà, àwọn aláǹtakùn ńlá tí àwọn kan ń sìn nílé, akọ àti abo kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Ẹ wo Brachypelma hamorii, aláǹtakùn onírun ilẹ̀ Mẹ́síkò tí orúnkún rẹ̀ pupa yòò. Abo rẹ̀ lè lò ju ọdún 20 lọ lọ́dọ̀ yín. Akọ ní tirẹ̀, bó bá ti bọ́ awọ tó sọ ọ́ di àgbà, kì í sábà lò ju ọdún kan sí méjì lọ mọ́. Abo ló wọ́n, ìdí sì nìyẹn tí àwọn oǹtajà kan fi ń yára pe ohun gbogbo ní abo.

Ọmọ kékeré. Òun ló wà ní pọ́ọ́kú. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo ara rẹ̀ kò tíì ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, kò sí ojú lásán tó lè mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo. Ẹni tó bá ń búra fún yín, àpò yín ló ń wò. Ẹ̀yà yìí kì í tètè dàgbà, nítorí náà onísùúrù ló yẹ. Àwọn míì máa ń ra mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀, bóyá abo á wà níbẹ̀.

Èyí tó ti tó sẹ̀ǹtímítà 5 sókè. Ibí ni mo ní kẹ́ ẹ náwó sí, bí oǹtajà bá lè fi awọ tó bọ́ hàn yín. Bó bá ti gbẹ, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tí ẹ kán ọṣẹ olómi sí, kẹ́ ẹ fi ẹ̀mú kékeré tẹ́ apá ikùn rẹ̀, kí inú kọjú sókè. Ẹ óò rí ojú funfun mẹ́rin, ibi tó ti ń mí. Àárín méjì tó wà níwájú ni kẹ́ ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí. Abo ní àpò kan níbẹ̀ tó ń tọ́jú àtọ̀ sí. Ti hamorii jẹ́ ẹyọ kan tó fẹ̀, ti àwọn ẹ̀yà míì pín sí méjì. Bí ẹ bá fi orí abẹ́rẹ́ kàn án, á gbé sókè. Akọ kò ní in, àmọ́ àwọn akọ kan ní nǹkan kékeré níbẹ̀ tó máa ń tan ojú jẹ.

Àwọn kan ń wo abẹ́ ikùn ààyè rẹ̀: bí irun dúdú bá ṣù jọ lókè ojú ìlà tó dábùú ibẹ̀, wọ́n á ní akọ ni. Kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n n kò ní tìtorí ìyẹn san owó abo.

Àgbà akọ. Èyí rọrùn. Apá kékeré méjì iwájú rẹ̀ wú lórí bí ìbọ̀wọ́ abẹ̀ṣẹ́, ìkọ́ sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ iwájú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé akọ Poecilotheria, irú tàràńtúlà míì, kò ní ìkọ́. Bí ẹ kò bá fẹ́ fi gun abo, ẹ má rà á.

Bí oǹtajà bá ní awọ ti sọnù, owó èyí tí a kò tíì mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo ni kẹ́ ẹ san, kẹ́ ẹ dúró de awọ mìíràn tó máa bọ́. Bó bá ti bọ́ ọ, ẹ fi ẹ̀mú gígùn yọ ọ́ kí aláǹtakùn náà tó fà á ya.