Kí Ẹ Tó Sanwó Kí Backlink Yín Wọ Google: Ìfiwéra fún Oníṣòwò Òṣogbo

Ẹni tó ń ta àdìrẹ l'Óṣogbo á sanwó kí wọ́n kọ nípa ọjà rẹ̀ sórí búlọ́ọ̀gì, kí líǹkì tó lọ sí ojú-òpó rẹ̀ sì wà níbẹ̀; ohun tí wọ́n ń pè ní backlink nìyẹn. Onílé ìtura ní Ògo-Olúwa á ṣe bẹ́ẹ̀ kí oṣù Kẹjọ tó dé, torí àlejò ọdún Ọ̀ṣun. Wọ́n kọ ọ́ lóòótọ́, síbẹ̀ nǹkan kan ò yí padà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ojúewé tí líǹkì náà wà ni Google ò tíì fi sínú àkójọ rẹ̀. Líǹkì orí irú ojúewé bẹ́ẹ̀ dà bí ọjà téèyàn pàtẹ sínú yàrá tó wà ní títì.

Ibẹ̀ ni àwọn tó ń ta iṣẹ́ index, ìyẹn kíkó ojúewé wọ àkójọ Google, ti ń wọlé. Ẹ kọ́kọ́ yẹ nǹkan wò ná. Ẹ tẹ site: sínú Google, kí ẹ lẹ àdírẹ́sì ojúewé náà mọ́ ọn láìfi àlàfo sí i. Bó bá jáde, ó ti wọlé nìyẹn, ẹ má ra ohunkóhun. Bí kò bá jáde, ẹ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ Ctrl àti U, kí ẹ wá noindex nínú ohun tó bá yọ. Bó bá wà nínú meta robots (ìlà tó ń darí ẹ̀rọ ìwárí), ẹni tó ni ojú-òpó náà ló sọ fún Google pé kó má gbà á, kò sì sí ọlọ́jà tó lè borí ìyẹn. Ẹ wo ara líǹkì yín náà. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019 ni Google ti ní kí wọ́n máa fi àmì sponsored sára líǹkì tí wọ́n sanwó fún. Bí èyí tàbí nofollow (àmì tó ń ní kí Google má tẹ̀ lé líǹkì) bá wà lára tiyín, ẹ má retí pé index nìkan á gbé ojú-òpó yín sókè.

Àwọn ọ̀nà ọ̀fẹ́

Nínú Search Console (irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ Google fún àwọn tó ni ojú-òpó), ẹ ó lẹ àdírẹ́sì ojúewé sínú àpótí ìwárí rẹ̀, ẹ ó sì tẹ Request Indexing. Ó lè gba ọjọ́ díẹ̀ tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Google ò sì ṣèlérí pé òun á gbà á. Títẹ̀ ẹ́ léraléra kì í mú un yá. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ojú-òpó tí ẹ bá fi ẹ̀rí hàn pé tiyín ni nìkan ló máa gbà, bẹ́ẹ̀ búlọ́ọ̀gì ẹlòmíràn ni líǹkì yín wà.

IndexNow, ọ̀nà tí ojú-òpó ń gbà sọ fún ẹ̀rọ ìwárí pé ojúewé tuntun wà, tí Microsoft àti Yandex gbé jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, náà wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ojú-òpó. Ó dára fún Bing, ẹ̀rọ ìwárí Microsoft, àmọ́ Google ò sí nínú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé IndexNow lòun fi ń kó líǹkì wọ Google, ẹ dìde níwájú rẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ìdúnàádúrà lẹ ti máa ń jèrè jù. Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ bá oníbúlọ́ọ̀gì ṣàdéhùn pé yóò tẹ Request Indexing fúnra rẹ̀, yóò sì fi líǹkì sí ojúewé náà láti ojúewé àkọ́kọ́ rẹ̀. Ojúewé tí kò sí ohun tó tọ́ka sí i lórí ojú-òpó tirẹ̀ gan-an máa ń ṣòro fún róbọ́ọ̀tì Google láti rí.

Ẹ̀yin náà lè ṣe tiyín. Ẹ ya ojúewé kan sọ́tọ̀ lórí ojú-òpó yín, "Àwọn tó kọ nípa wa", kí ẹ fi líǹkì sí gbogbo àpilẹ̀kọ wọ̀nyẹn. Èyí tiyín ni, ẹ lè fi ránṣẹ́ sí Search Console. Bí Google bá dé ibẹ̀, yóò rí ọ̀nà tó lọ sí ìyókù. Nínú gbogbo ọ̀nà tó wà, èyí ni mo fẹ́ràn jù.

Àwọn tó ń gbowó

Ẹ bi wọ́n léèrè ọ̀nà tí wọ́n ń gbà. Àwọn kan ń lo Indexing API, ọ̀nà tí ètò kọ̀ǹpútà ń gbà fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sí Google tààrà. Ojúewé ìpolówó iṣẹ́ àti fídíò tí wọ́n ń gbé jáde lójú ẹsẹ̀ (livestream) ni Google ṣe é fún, igba (200) ìbéèrè lójúmọ́ sì ni ìwọ̀n tó ń fún èèyàn níbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń kó búlọ́ọ̀gì àdìrẹ gbabẹ̀ ń rìn níbi tí wọn ò ní kó rìn. Àwọn mìíràn ní "ping" làwọn ń ṣe, ìyẹn fífi tó Google létí pé nǹkan tuntun wà, bẹ́ẹ̀ Google ti pa ping sitemap (àkójọ àdírẹ́sì ojúewé ojú-òpó) tì ní 2023.

Àwọn tí ẹ gbọ́dọ̀ sá fún ni àwọn tó ń kọ́ líǹkì pàǹtírí jọ sí ojúewé tó gbé líǹkì yín. Láti ìgbà àtúnṣe Google tí wọ́n pè ní Penguin, oṣù Kẹrin ọdún 2012, ni Google ti ń lé irú rẹ̀ kiri.

Síbẹ̀, àwọn kan lè nílò wọn: líǹkì yín pọ̀, àwọn tó ni ojú-òpó ò sì dá yín lóhùn. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ra èyí tó kéré jù nínú ohun tí wọ́n ń tà. Ẹ pín líǹkì yín sí méjì, kí ẹ fún wọn ní ìdajì kan, kí ẹ má fọwọ́ kan ìdajì kejì. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ fi site: yẹ méjèèjì wò, kí ẹ tún yẹ̀ wọ́n wò lóṣù tó tẹ̀ lé e, torí ojúewé míì máa ń wọlé kó tún jáde. Bí ìdajì méjèèjì bá rí bákan náà, ẹ má ra òmíràn mọ́.