Dracula ti 1931: ẹ̀rù ò bá ọkọ̀ dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Nínú ìṣẹ́jú 75 tí Dracula, fíìmù nípa òkú tó ń jí lóru láti mu ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, fi gùn, nǹkan bí 20 àkọ́kọ́ ló dùn ún wò. Karl Freund ló di kámẹ́rà mú, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ níbẹ̀. Ẹ wo ibi tí Bela Lugosi, tó ṣe Dracula, ti ń gun àtẹ̀gùn òkúta lọ, àbẹ́là lọ́wọ́: ó gba àárín òwú aláǹtakùn kọjá, òwú ò já, Renfield, àlejò rẹ̀ tó ń tẹ̀lé e, ní láti fi ọ̀pá ya á kó tó ráyè kọjá. Kò sí orin kankan nídìí rẹ̀, síbẹ̀ ó ń bani lẹ́rù. (Ti ẹranko Amẹ́ríkà kan tó jọ akika, tó ń rìn kiri nínú ilé ńlá Dracula ní Transylvania, ilẹ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ ká fojú fò ó.)

Bí ọkọ̀ ojú omi tó gbé Dracula ṣe gúnlẹ̀ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì báyìí, gbogbo rẹ̀ di ọ̀rọ̀ pálọ̀. Ohun tó fà á ni pé kì í ṣe ìwé tí Bram Stoker kọ ní 1897 ni Tod Browning, olùdarí, gùn lé jù. Eré orí ìtàgé tí Hamilton Deane àti John Balderston yọ nínú rẹ̀ ni, èyí tí Lugosi ti ṣe ní Broadway, àdúgbò àwọn ilé eré ní New York, ní 1927. Lórí ìtàgé, bí Dracula bá di ìkookò, ìkookò ò lè sáré kọjá, ẹnì kan ló máa ròyìn rẹ̀. Browning ní kámẹ́rà, ìròyìn náà ló tún fún wa: Harker, ọ̀kan nínú àwọn tó ń lépa Dracula, yọjú lójú fèrèsé, ó ní òun rí ohun kan bí ajá ńlá tó ń sáré lọ. Òun nìkan ló rí i. Ẹni tó bá ti ka Fágúnwà ọmọ Òkè-Igbó mọ̀ pé a máa ń rí iwin láti orí dé ẹsẹ̀ kó tó lanu sọ̀rọ̀.

Lucy, ọmọbìnrin tí Dracula mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó sì di irú rẹ̀, ńkọ́? Inú ìwé ìròyìn ni a ti gbọ́ pé ó ń dọdẹ àwọn ọmọdé. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe parí, fíìmù ò sọ. Ikú Dracula gan-an, ìkérora lásán ni a gbọ́. Nínú ìwé, ọ̀bẹ méjì ló pa á, ọ̀kan lọ́rùn, ọ̀kan láyà, lẹ́yìn tí wọ́n ti lé e padà dé ilẹ̀ rẹ̀.

Bí ẹ bá ní kí wọ́n kó o sórí fláàṣì fún yín ní Ọjà Ọba l'Ákùúrẹ́, ẹ ṣí i wò kí ẹ tó sanwó. Tó bá jẹ́ ìṣẹ́jú 104, ti èdè Spéènì tí George Melford darí ni. Ibi kan náà ni wọ́n ti yà á, Browning lọ́sàn-án, Melford lóru. Kámẹ́rà tirẹ̀ ń rìn dáadáa, òun ni mo fara mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Carlos Villarías, tó ṣe Dracula níbẹ̀, ò tó Lugosi. Àmọ́ ẹ rí i pé àkọlé ìtumọ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi orin Philip Glass, akọrin-sílẹ̀ ará Amẹ́ríkà, sí ní ìparí àwọn ọdún 1990 náà wà, ṣùgbọ́n orin ọ̀hún ò sinmi, ó ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀.

Àwòrán rẹ̀ fẹ́ẹ̀ dọ́gba níbùú lóròó, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí tẹlifíṣàn fà á gbòòrò, ojú Lugosi á fẹ̀ bí àtẹ. Ohùn rẹ̀ kéré, ó sì ń ṣe ṣììì lábẹ́. Tí jẹnẹrétọ̀ bá ń dún nítòsí, ẹ lo íáfóònù.