Lexus LS 400 ní Adó-Èkìtì: epo rẹ̀, àtúnṣe rẹ̀, àti ìdí tí n kò fi tíì tà á

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé owó epo ló ń já mi jẹ jù lórí Lexus tí mò ń wà kiri Adó yìí. Epo ń jẹ owó lóòótọ́, àmọ́ búúṣì (rọ́bà oríkèé ẹsẹ̀ ọkọ̀), ṣọ́ọ̀kì àti àwọn nǹkan tó ń jò lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì jẹ jù ú lọ. Àwọn tó ń bi mí bóyá kí wọ́n ra àgbà ọkọ̀ bíi tèmi, tàbí kí wọ́n kúkú wá Corolla, ti wá pọ̀ débi pé ó yá kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ti ọdún 1998 ni tèmi, tọ̀kúnbọ̀ sì ni mo rà á. Ẹ́ńjìnnì V8 ni, líta mẹ́rin, agbára ẹṣin 290, gíà ọ̀tọmátíìkì onípele márùn-ún. Táǹkì rẹ̀ ń gba líta 85. Ẹ fi iye tí wọ́n ń ta epo lónìí sọ 85 di púpọ̀ kí ẹ tó sọ fún ọmọ ilé epo pé kó kún un. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán, iye owó ni mò ń dá fún wọn, n kì í wo ibi tí ọwọ́ gééjì dé.

Nínú ìlú, láti Báṣìrí dé Ajílósùn, pẹ̀lú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Òkèṣà àti éèsì tí n kì í pa, ó ń mu bíi líta 14 ní 100 kìlómítà. Tó bá bọ́ sí ọ̀nà jíjìn, ó ń sọ̀ kalẹ̀ sí bíi 11. Corolla ìyàwó mi, ẹ́ńjìnnì líta 1.8, kì í ju 8 sí 9 lọ. Ká ní ₦900 ni wọ́n ń ta líta kan. Ẹni tó ń rìn 500 kìlómítà lóṣù, bí èmi ṣe ń ṣe, yóò fi bíi ₦25,000 ra epo ju oní-Corolla lọ, ìyẹn bíi ₦300,000 lọ́dún. Ẹ wá lọ béèrè iye Corolla tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá. Owó tó fi ju ti ọkọ̀ tèmi lọ yóò ra àfikún epo yẹn fún ọdún gbọọrọ.

Àmọ́ ẹni tó ń ti Adó lọ ibi iṣẹ́ ní Akúrẹ́ lójoojúmọ́ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ rìn tó 2,000 kìlómítà lóṣù. Àfikún tirẹ̀ yóò ju tèmi lọ dáadáa lóṣooṣù. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má tilẹ̀ dán an wò. Kó ra Corolla, kó sùn dáadáa.

Ibi tí mo ti ń jẹ ìgbádùn owó mi ni ọ̀nà Ìbàdàn. Tí a bá ti kọjá Ìyìn, Ìgèdè àti Arámọkọ, tí a dé Ìtawúrẹ́, tí òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni ọkọ̀ kékeré ti ń ké, tí awakọ̀ á máa já gíà wálẹ̀, tí á tún pa éèsì kí ẹ́ńjìnnì lè mí. Tèmi kàn ń gòkè ni. Màámi tí orúnkún ń dùn máa ń na ẹsẹ̀ lẹ́yìn, wọn á sì sùn títí a ó fi dé Ìwàràjà. Ìgbà tí a dúró nínú gosíló kan, wọ́n jí, wọ́n ní, "Àbí ọkọ̀ ti kú ni?" Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ o. Wọn ò gbọ́ ọ ni.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti àtúnṣe. Nínú LS 400, òkè ọ́tánétọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń cháàjì bátìrì, gan-an ni wọ́n gbé pọ́ǹpù páwà sítíárìn sí. Tí síìlì pọ́ǹpù bá ti rọ, orí ọ́tánétọ̀ lọ́ọ́lì ń kán sí. Bátìrì mi bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Rewáyà kan, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, pààrọ̀ ọ́tánétọ̀, kò pẹ́ tí èyí tó fi sí i náà tún lọ. Mẹkáníìkì mi ní àdúgbò Adébáyọ̀ ló wá ki ọwọ́ bọ abẹ́ pọ́ǹpù, tó fà á jáde, tí ìka rẹ̀ pọ́n fún ọ́ọ́lì. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ wò ó. Rewáyà lẹ̀ ń sanwó fún, sítíárìn ló ń dáràn." Síìlì ni a pààrọ̀, a sì fi ìbòrí bo ọ́tánétọ̀. Ó ti parí.

Búúṣì ọwọ́ iwájú ni kì í parí. Kòtò Èkìtì ò mọ olówó. Sípíà páàtì Corolla wà káàkiri Adó, ẹ lè ra á kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Tèmi, ọjà sípíà páàtì Ládípò ní Mushin, l'Ékòó, la máa ń fóònù, wọ́n á fi ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ èrò, nígbà mìíràn èyí tó bá dé kì í ṣe ti ọdún ọkọ̀ mi, a ó tún dá a padà. Ọkọ̀ á wà lórí òkúta fún gbogbo àsìkò yẹn. Ẹni tí kò bá ní ọkọ̀ mìíràn nílé á gun ọ̀kadà.

Ìnáwó kan tún wà tí ẹnikẹ́ni kì í kà: ojú tí wọ́n fi ń wò yín. Ní Ọjà Ọba, mo ti kọ́ láti páákì síbi tó jìnnà, torí iye iṣu ń gòkè tí wọ́n bá rí ibi tí mo ti sọ̀ kalẹ̀. Níbi ayẹyẹ, iwájú ni wọ́n ń gbé mi sí, ọkọ̀ náà sì ju ọmọ tó ń júwe ibi tí màá páákì sí lọ lọ́jọ́ orí.

Tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ kọ́kọ́ béèrè ti táímìnì bẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀tì inú ẹ́ńjìnnì tó ń mú písítìnì àti fáàfù rìn pọ̀ lásìkò. Nínú ti 1998 sókè, tó bá já lórí ìrìn, písítìnì á kọ lu fáàfù, ẹ́ńjìnnì ti bàjẹ́ nìyẹn. 90,000 máìlì ni wọ́n ní ká máa pààrọ̀ rẹ̀. Tí ẹni tó ń tà á bá ń wojú yín láìlè sọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn, ẹ yọ owó bẹ́ẹ̀tì, pọ́ǹpù omi àti iṣẹ́ ọwọ́ mẹkáníìkì kúrò nínú iye tó pè, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná an.