Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tó fẹ́ ṣe ìkànnì ìtàn ara yín n'Ìkòròdú: ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíràn ra orúkọ yín sọ́wọ́ ara rẹ̀

Ẹ̀yin ará wa n'Ìkòròdú, pàápàá ẹ̀yin tó ń dá iṣẹ́ ara yín ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yin ògbufọ̀, ayàwòrán àti ẹ̀yin tó ń bá èèyàn ṣe fídíò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni tó ní òun fẹ́ bá yín ṣe ìkànnì.

Ìgbógbó ni mò ń gbé. Láti yàrá mi ni mo ti ń túmọ̀ Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn oníbàárà tí n kò fojú kàn rí. Kí irú wọn tó gbé iṣẹ́ fúnni, wọ́n á kọ́kọ́ wá orúkọ ẹni lórí Google. Wọ́n fẹ́ mọ ẹni tí èèyàn jẹ́, ohun tó ti ṣe, àti bí wọ́n ṣe lè kàn sí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi wá ẹni tó máa ṣe tèmi lọ́dún tó kọjá. Wọ́n júwe bọ̀dá kan fún mi tó ní ṣọ́ọ̀bù lágbègbè Sábó. Ó mọ̀rọ̀ ọ́ sọ, àwọn iṣẹ́ tó fi hàn mí lórí fóònù rẹ̀ sì wù mí. ₦120,000 ló gbà. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ fọkàn balẹ̀, domain títí ayé ni mo fi kún un fún yín."

Irọ́ ni, n kò sì mọ̀. Kò sí domain títí ayé. Domain ni orúkọ tí èèyàn ń tẹ̀ kó tó dé ìkànnì, bí .com. Ńṣe la ń yá a bí ẹni yá ilé. Fún .com, ọdún mẹ́wàá lèyí tó pọ̀ jù tí ICANN, àjọ tó ń bójú tó orúkọ ìkànnì káàkiri àgbáyé, gbà kí èèyàn san sílẹ̀.

Nígbà tó di oṣù kọkànlá, ó pè mí pé kí n mú ₦85,000 wá fún renewal, ìyẹn owó láti tún un yá. Mo ní ṣé kì í ṣe títí ayé la jọ sọ? Ó ní dọ́là ti gbówó lórí. Òótọ́ ni pé dọ́là gbówó lórí, àmọ́ mo lọ wádìí. Láti oṣù Kẹsàn-án 2024, dọ́là 10.26 ni Verisign, ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó .com, ń gbà lórí orúkọ kan lọ́dún lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á. Àwọn alátagbà á fi èrè tiwọn lé e, ṣùgbọ́n èrè wo ló máa sọ ọ́ di ₦85,000? Mo ní kó kó kọ́kọ́rọ́ ìkànnì náà fún mi kí n máa san án fúnra mi. Kò dá mi lóhùn.

Ọjọ́ kẹta, oníbàárà mi kan ní Kánádà kọ̀wé sí mi pé ṣé àlàáfíà ni mo wà. Mo ṣí ìkànnì mi. Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ti lọ. Orúkọ mi nìkan ló kù, gàdàgbà, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹni tó ni ìkànnì yìí jẹ gbèsè. Orúkọ tí bàbá mi sọ mí! Àwọn àgbà ní orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni. Ẹlòmíràn ló wá di ìjánu tèmi mú, tó ń fà mí kiri lójú àwọn tó ń fún mi ní oúnjẹ jẹ.

Mo kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ra domain náà. Wọ́n dáhùn pé ẹni tí orúkọ àti ímeèlì rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn nìkan ni àwọn mọ̀. Ọ̀dọ̀ ẹ̀yin tí ẹ kà á dé ibí ni mo ti fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wọlé dáadáa. Òfin ICANN ní kí wọ́n rán ẹni tó ra orúkọ létí ní bí oṣù kan àti bí ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó parí. Bí ó bá béèrè fún kóòdù tí èèyàn fi ń gbé orúkọ lọ sí ibòmíràn, wọn kò gbọdọ̀ pẹ́ ju ọjọ́ márùn-ún lọ kí wọ́n tó fún un. Gbogbo ààbò yìí wà, àmọ́ ẹni tí wọ́n kọ sílẹ̀ ló ń dáàbò bò. Èmi ni mo sanwó, òun ni wọ́n kọ sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ fi ímeèlì yín àti káàdì yín ra domain náà fúnra yín. Tí ẹ bá fẹ́ .ng tàbí .com.ng, orúkọ àwọn tí NiRA, àjọ tó ń bójú tó .ng, fọwọ́ sí láti máa tà á wà lórí ìkànnì NiRA. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ṣí ilẹ̀kùn fún ẹni tó ń bá yín ṣiṣẹ́. Tó bá parí, ẹ yí password padà.

Àwọn owó kan tún wà tí wọ́n máa ń gbà lórí ohun ọ̀fẹ́. Bọ̀dá yẹn gba ₦15,000 lọ́wọ́ mi fún àgádágodo kékeré tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ìkànnì, bẹ́ẹ̀ láti ìparí 2015 ni Let's Encrypt ti ń fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀fẹ́ ni WordPress, irinṣẹ́ tó fi kọ́ ìkànnì náà, láti 2003. Owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tọ́ sí i, n kò jiyàn ìyẹn. Tí ẹnì kan bá sì ní òun lè bá yín ra àyè nínú Wikipedia tàbí àpótí orúkọ tó máa ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Google, ẹ sá fún un. Google kì í ta àpótí yẹn, àwọn ará Wikipedia sì máa ń pa ìtàn ẹni tí ìwé ìròyìn kò mọ̀ rẹ́.

Ẹ ka ìtàn tí wọ́n bá kọ nípa yín, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bọ̀dá yẹn kọ ọ́ sí tèmi pé mo ti ṣiṣẹ́ fún àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé. N kò ṣe é rí! Ká ní oníbàárà kan béèrè ẹ̀rí, èmi ni wọn ìbá pè ní òpùrọ́.

Mo ti ra .com.ng báyìí lórúkọ ara mi, mo sì rí díẹ̀ nínú ohun tí mo kọ gbà padà láti inú Wayback Machine, ibi tí wọ́n ń tọ́jú ẹ̀dà ìkànnì àtijọ́ sí. Mo ti fún bọ̀dá yẹn ní lẹ́tà pé kó dá owó mi padà. Tó bá kọ̀, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó kékeré wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó láti 2018, fún owó tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ, èèyàn sì lè rojọ́ fúnra rẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti sanwó fún ẹnì kan tẹ́lẹ̀, ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ra orúkọ yín lálẹ́ òní, kí ẹ tẹ "Forgot password". Tí lẹ́tà rẹ̀ kò bá wọlé sínú ímeèlì yín, a jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹlòmíràn ni wọ́n kọ sílẹ̀; ẹ tètè lọ bá onítọ̀hún báyìí tí ẹ ṣì ń rẹ́rìn-ín síra yín.