Ohun tí ọmọ mi kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù kan ní Ìlọrin

Oṣù kẹjọ rèé tí ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún 10, ti ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé kan ní àdúgbò Tanke, níbí ní Ìlọrin. N kò ní dárúkọ ibẹ̀, nítorí pé àwọn tó ń kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú, mo sì ṣì ń retí pé wọn yóò tún ohun tó bàjẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òbí ló ń bi mí bóyá kí àwọn mú ọmọ wọn lọ síbẹ̀, mo sì rí i pé ìdáhùn ojú ọ̀nà kò lè tán ọ̀rọ̀ náà.

Kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dára. Owó oṣù kan jẹ́ ₦15,000, jẹ́ẹ́sì méjì sì wà nínú owó ìforúkọsílẹ̀. Àárọ̀ Sátidé ni wọ́n ń pàdé, láti aago 7 títí di aago 10, kóòṣì méjì ló sì wà fún ọmọ mẹ́rìnlélógún. Sáìsì 4 ni bọ́ọ̀lù tí àwọn ọmọ kéékèèké ń gbá níbẹ̀, kì í ṣe sáìsì 5 ti àwọn àgbà, tí mo ti rí tí wọ́n fi fún ọmọ ọdún méje ní pápá mìíràn títí tí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú. Nígbà tí ọmọ mi dé ibẹ̀, kò mọ̀ ju kó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ ta bọ́ọ̀lù lọ. Lónìí, ó ń fi inú ẹsẹ̀ gbà á, ó ń gbé orí sókè wo ẹni tó fẹ́ gbá a fún, ó sì ń lo ẹsẹ̀ òsì. Kóòṣì àgbà jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í pariwo mọ́ ọmọ. Bí wọ́n bá jókòó láti mu omi, ó máa ń sọ fún wọn nípa Rashidi Yekini, tí sàréè rẹ̀ wà ní Ira, tí kò jìnnà sí wa, bó ṣe jẹ́ pé òun ló kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n fún Nàìjíríà nínú ìdíje Ife Àgbáyé, ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 1994, tó sì ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú àwọ̀n, tó ń ké. Gbogbo ọmọ a dákẹ́ rọ́rọ́. N kò ní ẹ̀sùn kankan lọ́dọ̀ kóòṣì yìí.

Ẹ̀gbẹ́ pápá ni ọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ mú ọmọ lọ, kò sí okùn, kò sì sí ẹni tó ń sọ fún òbí pé ibi báyìí ni kó dúró. Orí ìlà funfun gan-an ni a máa ń dúró sí, ẹlòmíràn a sì ti wọ inú pápá ní ìṣísẹ̀ méjì-mẹ́ta kó tó fura. Bí kóòṣì bá ní kí ọmọ gbá bọ́ọ̀lù fún ẹni tó sún mọ́ ọn, bàbá rẹ̀ a pariwo láti ẹ̀yìn pé kó máa gbé e lọ; bí kóòṣì bá ní kó padà sẹ́yìn, ìyá rẹ̀ a ní kó dúró síwájú. Mo ti rí ọmọ ọdún mẹ́jọ tó dúró gbagidi láàárín pápá, bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀, tó ń wo ọ̀tún, tó ń wo òsì, tí kò mọ ta ni kó dá lóhùn, títí tí ọmọ mìíràn fi wá gba bọ́ọ̀lù mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Bàbá rẹ̀ pè é ní dìndìnrìn níṣojú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Bàbá kan wà láàárín wa tó máa ń fún ọmọ rẹ̀ ní ₦1,000 fún bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan tó bá gbá sáwọ̀n. Kì í fi pamọ́. Ó máa ń na owó náà sókè láti ẹ̀gbẹ́ pápá kí ọmọ lè rí i. Ọmọ náà mọ bọ́ọ̀lù gbá, bóyá òun ló mọ̀ ọ́n gbá jù nínú wọn, ṣùgbọ́n kì í gbá a fún ẹnikẹ́ni mọ́. Lọ́jọ́ kan, ọmọ mi nìkan ló wà níwájú ilé bọ́ọ̀lù, aṣọ́lé ti ṣubú, síbẹ̀ ọmọ yìí gbá bọ́ọ̀lù náà fúnra rẹ̀ láti òkèèrè, ó sì fò kọjá lókè òpó. Nígbà tí ẹlòmíràn gbá ọ̀kan wọlé lẹ́yìn náà, gbogbo wọn sáré lọ dì mọ́ra wọn, òun nìkan ló dúró níbi tó wà, tó ń wo ojú bàbá rẹ̀. N kò lè gbàgbé ojú ọmọ náà. Ọmọ ọdún 11 ni, wọ́n sì ti sọ eré di òwò mọ́ ọn lọ́wọ́.

Mo mọ ohun tó ń ti àwọn òbí síbẹ̀. Láti ọdún 2005 tí ìjọba ìpínlẹ̀ wa ti dá Kwara Football Academy sílẹ̀, kò sí ẹni tó bí ọmọ tó lè gbá bọ́ọ̀lù ní ìlú yìí tí kò tíì lálàá pé ọmọ òun yóò wọ bàálù lọ sí Yúróòpù. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú àlá. Ẹ̀ṣẹ̀ wà nínú kí a gbé gbèsè àlá náà ka orí ọmọ tí eyín rẹ̀ kò tíì hù tán.

Sátidé kan nínú ọyẹ́ ni àwọn ọmọ kan wá láti Ọ̀ffà láti bá tiwa gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́. Rẹfirí jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò lè ju ẹni ogún ọdún lọ, tó wọ aṣọ dúdú tó tóbi jù ú lọ. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n lọ fún ìsinmi ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa fi ẹsẹ̀ kọ́ ọmọ Ọ̀ffà kan níwájú ilé bọ́ọ̀lù, rẹfirí sì fọn fèrè pé pẹnáritì ni. Fáòlù ni, n kò jìnnà síbẹ̀, mo rí i. Kó tó nawọ́ síbi tí wọn yóò gbé bọ́ọ̀lù sí, èébú ti bẹ̀rẹ̀. "Olè! Èló ni wọ́n fún ẹ?" "Ṣé ojú ẹ fọ́ ni?" Ìyá kan tí mo mọ̀ sí oníwà pẹ̀lẹ́ ládùúgbò ń ṣépè fún ọmọ ọlọ́mọ. Bàbá tó ń fi owó ra góòlù wọ inú pápá pẹ̀lú jàlàbíà funfun, ó fa okùn fèrè tó wà lọ́rùn rẹfirí, ó sì ń fi ìka gún un láyà. Balógun ẹgbẹ́ wa, ọmọ ọdún 12, bọ́ jẹ́ẹ́sì rẹ̀, ó sọ ọ́ mọ́lẹ̀, ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá náà, ó ń na ìka sí rẹfirí bí bàbá náà ti ń nà án gẹ́lẹ́, ó sì ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Obìnrin Fúlàní tó máa ń ta wàrà lábẹ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá gbé igbá rẹ̀, ó kúrò níbẹ̀. Aṣọ́lé àwọn àlejò, ọmọ kékeré tí ìbọ̀wọ́ rẹ̀ gùn ju ọwọ́ rẹ̀ lọ, ń sunkún láìpariwo.

Nígbà tí wọ́n fà wọ́n kúrò tán, rẹfirí gbé fèrè sẹ́nu, mo sì rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Wọ́n gbá pẹnáritì náà, ó wọlé. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà títí eré fi parí, kò fọn fèrè mọ́ àwọn ọmọ wa mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n gé àwọn ọmọ Ọ̀ffà lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta níṣojú gbogbo wa. A fi 3 sí 2 borí wọn. Àwọn òbí jó. Ẹ̀rù tó ba rẹfirí ló gba ìborí yẹn fún wa, àwọn ọmọ wa sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. N kò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Mo káwọ́ sẹ́yìn, mo ń wò wọ́n.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni alfa tó ń kọ́ ọmọ mi ní kéú ránṣẹ́ pè mí. Ọmọ ń ka wálàá, ó fo ọ̀rọ̀ kan, alfa ní kó padà sẹ́yìn, ọmọ sì gbójú sókè, ó ní, "Ṣé ojú yín fọ́ ni?" Alfa kò nà án. Ó ní kí n jókòó sórí ẹní, ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí pé, "Alhájì, ta ló ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí nílé yín?" Mo ní kò sí, mo ní ibi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù ló ti gbọ́ ọ. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ṣé ẹ̀yin náà máa ń wà níbẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò bi mí ní nǹkan mìíràn. Ìtìjú ọjọ́ náà kò tíì kúrò lára mi.

Mo tọ ẹni tó ni ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù náà lọ ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e. Ó gbà mí tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, kò sì jiyàn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Gbogbo ohun tí ẹ sọ ni mo rí. Ṣùgbọ́n bàbá tí ẹ ń wí yẹn, ọmọ mẹ́ta ló ní lọ́dọ̀ wa, òun náà ló sì ra àwọ̀n tó wà lára ilé bọ́ọ̀lù méjèèjì. Tí mo bá lé e, kí ni mo fẹ́ fi sanwó àwọn kóòṣì?" Mo mọyì òtítọ́ tó sọ, ṣùgbọ́n ìdáhùn náà kò tẹ́ mi lọ́rùn, kò sì yẹ kó tẹ́ òbí kankan lọ́rùn, nítorí pé bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó lówó jù láàárín wa ni yóò máa yan ìwà tí ọmọ gbogbo wa yóò kọ́.

Kì í ṣe pé òfin kò sí. Nínú òfin tí IFAB, ìgbìmọ̀ tó ń ṣòfin bọ́ọ̀lù fún gbogbo àgbáyé, gbé kalẹ̀, rẹfirí lágbára láti dá eré dúró, tàbí kó fòpin sí i pátápátá, bí ará ìta bá dá sí i; láti ọdún 2019 ló sì ti lè fi káàdì yẹ́lò tàbí káàdì pupa han kóòṣì pàápàá. Òfin kan náà fàyè gbà á nínú bọ́ọ̀lù àwọn ọ̀dọ́ pé kí ọmọ tó hùwà àìtọ́ bọ́ sẹ́yìn ìlà fún ìgbà díẹ̀, láàárín ìdá 10 sí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò eré, kó tó padà wọlé. Ìṣẹ́jú 50 ni àwọn ọmọ wa ń gbá. Bí ọmọ tó bú rẹfirí bá jókòó fún ìṣẹ́jú 5, tó ń wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń forí ṣe fọrùn ṣe láìsí òun, ohun tó ṣe yóò yé e. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí èébú àwọn òbí ti ń lé àwọn rẹfirí kúrò nídìí iṣẹ́, FA, àjọ tó ń bójú tó bọ́ọ̀lù níbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n pè ní Respect ní ọdún 2008, wọ́n sì na okùn sí ẹ̀gbẹ́ pápá kí àwọn òbí máa dúró sẹ́yìn rẹ̀. Okùn lásán! A kò nílò owó ìjọba kí a tó lè ra okùn ní Ọjà Ọba.

Ohun kan tún wà tó bí mi nínú. Àwọn ọmọ kan wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ọdún 12 tí ohùn wọn ti kẹ̀, tí irùngbọ̀n ti ń hù ní àgbọ̀n wọn. Ìwé ìbúra ọjọ́ orí láti kóòtù ni òbí wọn mú wá dípò ìwé ẹ̀rí ìbí, ilé-ẹ̀kọ́ sì gbà á láìbéèrè. Irú ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí yìí ló mú kí FIFA fòfin de àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ Nàìjíríà fún ọdún 2 ní ọdún 1989. Òun náà ló sì fà á tí wọ́n fi ń fi ẹ̀rọ MRI, tó ń ya àwòrán inú ara, yẹ egungun ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ wò láti fi mọ̀ bóyá wọ́n ti dàgbà jù, nígbà ìdíje àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ, tí wọ́n gbá ní ilẹ̀ wa níbí ní ọdún 2009. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti kọ́ láti purọ́ ọjọ́ orí kó tó wọ pápá, kí ni kóòṣì fẹ́ bá a sọ nípa òdodo?

Nígbà tí sáà yìí bẹ̀rẹ̀, wọ́n na okùn. Wọ́n so ó mọ́ òpó mẹ́rin, nǹkan bí ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí ìlà, wọ́n sì fún òbí kọ̀ọ̀kan ní ìwé tó fọwọ́ sí pé òun kò ní bú rẹfirí, òun kò sì ní gba iṣẹ́ kóòṣì ṣe. Kóòṣì àgbà tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fèrè fún ọmọ kan lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan nígbà ìdánrawò kí wọ́n lè mọ bó ti ń rí lára. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe. Nígbà tó kan ọmọ mi, ó fọn fèrè fún fáòlù kan, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yí i ká, wọ́n ń kígbe mọ́ ọn, ó sì bojú wò mí lẹ́yìn okùn, omi ti lé sí i lójú, ṣùgbọ́n kò yí ohùn padà. Bí a ti ń wa ọkọ̀ lọ sílé, ó ní, "Dádì, fáòlù ni o." Mo ní mo rí i.

Ní Sátidé kẹta, bàbá oníjàlàbíà funfun gbé àga rẹ̀ kọjá okùn, ó jókòó sórí ìlà, kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé kó padà.

Ẹni tó bá ń wá ibi tí ọmọ rẹ̀ yóò ti mọ bọ́ọ̀lù gbá, wọn yóò kọ́ ọ níbẹ̀ dáadáa, owó tí wọ́n ń gbà kò sì pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sanwó, ẹ lọ wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan, kì í ṣe ìdánrawò, nítorí pé gbogbo òbí ló máa ń ṣe jẹ́jẹ́ lọ́jọ́ ìdánrawò. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8, kó ṣì dúró nílé ná. Ní tèmi, owó sáà tó ń bọ̀ yóò di sísan lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀; mo ti sọ fún ẹni tó ni ibẹ̀ pé n kò ní san án títí tí n óò fi rí àga bàbá náà lẹ́yìn okùn, àwọn òbí mẹ́rin mìíràn sì ti lọ sọ ohun kan náà fún un.